Ẹ̀pà Dúdú Tí Mo Fi Ń Se Ọbẹ̀ Fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bí ẹ̀pà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó!

Ẹ̀pà yíyan niṣẹ́ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, àmọ́ ó ti pẹ́ tá a ti ń gbé ní Ekenwan Road, ní Benin níbí. Inú ìgò ni mo máa ń rọ ẹ̀pà mi sí, màá wá gbé e lọ fáwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní GRA. Ẹ̀pà mi mọ́! Ẹ ò lè rí ẹyọ dúdú kan níbẹ̀, torí bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni mo ṣe ń ṣà á.

Àwọn tí mo ṣà kúrò wá ńkọ́? Àwọn tó hunjọ, tó dúdú, tó ti bu? Ṣé kí n dà á nù ni? Rárá o! Bí ìyá mi ṣe ń ṣe lèmi náà ń ṣe: èyí tó dára fún kọ́sítọ́mà, èyí tó kù fún ará ilé. Màá fọ̀ ọ́, màá yan án, màá lọ̀ ọ́, ó di ọbẹ̀ ẹ̀pà. Ọkọ mi, Bàbá Tọ́pẹ́, fẹ́ràn ọbẹ̀ yẹn gan-an, òun ló sì ń jẹ ẹ́ jù. Tọ́pẹ́ ọmọ wa ní ó korò. Mo ní àkẹ́bàjẹ́ ló ń ṣe é.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ Bàbá Tọ́pẹ́, oúnjẹ ò sì wù ú mọ́. Mo ní maléríà ni, mo ra oògùn. Ọjọ́ tí mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò, tí ìtọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì, ọsibítù yá!

Dókítà ṣe tẹ́ẹ̀sì oríṣiríṣi, ó ní nǹkan ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣé ó ń mu ọtí ni? Kì í mu ún. Kí ló wá ń jẹ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja tútù, bí ìyàwó olówó! Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi; ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Pijin ló fi ń dáhùn. Ló bá já lu ọ̀rọ̀: "Doctor, na the spoil groundnut Daddy dey chop o! The fine one na for customer."

Háà! Bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Dókítà ò bú mi. Ó ní nǹkan tó ń hù lára ẹ̀pà tó bá bu ló ń tú májèlé sínú rẹ̀. Omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò, iná ìdáná ò sì ràn án. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Kò lè búra pé ẹ̀pà nìkan ló fà á, àmọ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ náà.

Ó wá sọ èyí tó yà mí lẹ́nu. Ó ní àwọn èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ àti èyí tó ń fún kárọ́ọ̀tì àti tòmátò láwọ̀, àwọn onímọ̀ ń rí i pé wọ́n lè máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ irú májèlé yẹn. Ó kìlọ̀ pé kì í ṣe oògùn o! Kí ọkọ mi lo oògùn tí wọ́n kọ fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí kárọ́ọ̀tì máa jẹ ẹ̀pà tó bàjẹ́.

Ni mo bá kó ewé ugu, elégédé àti kárọ́ọ̀tì dé. Bàbá Tọ́pẹ́ ní mo ti sọ òun di ewúrẹ́. Mo ní kó ṣáà máa jẹ.

Nígbà tí wọ́n tún ṣe tẹ́ẹ̀sì, dókítà ní ẹ̀dọ̀ ti ń bọ̀ sípò. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo sunkún. Olúwa, o ṣeun! Dókítà, ẹ ṣeun o! Tọ́pẹ́ tí mo máa ń bú pé ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, ẹnu yẹn ló gba bàbá rẹ̀ là.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí dókítà ti gbà kó jẹ ẹ̀pà tó mọ́, mo gbé odindi ìgò kan síwájú ọkọ mi. Ó wo ìgò, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, èmi náà ti wá di kọ́sítọ́mà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ará! Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń ṣà sọ́tọ̀ fún ará ilé tẹ́ ò jẹ́ gbé fún àlejò? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ o, kó má jẹ́ èmi nìkan ni màá dá jẹ́wọ́.