Àwòrán Ìbejì Tó Kúrò Lára Ògiri Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tí ojú mi rí ní Pobẹ̀, nígbà tí Dàhómì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí o!

Aránṣọ ni mí. Sakété ni wọ́n bí mi sí, nílé Mùsùlùmí, nílé oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ọjà títà ò bá mi lára mu, ni mo bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí Pobẹ̀, mo gba yàrá kan lẹ́bàá títì. Ràímì ni orúkọ mi, àmọ́ Aránṣọ ni gbogbo ayé ń pè mí.

Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí àwọn ará ilé ní Sakété, mo ra àkàrà lọ́jà. Bébà òyìnbó ni wọ́n fi ń wé àkàrà nígbà yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ́ fi bébà náà nu ọwọ́, ni mo bá rí akàn kan nínú rẹ̀. Kì í ṣe akàn lásán o! Ẹni tó yà á fi ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ya gbogbo oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì to ìràwọ̀ yí i ká. Èmi tí mo ti ń wo ojú abẹ́rẹ́ láti kékeré, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára bí mo bá rí i. Ṣòkòtò ara mi ni mo fi nu ọwọ́. Mo ká bébà náà sápò.

Mo tọpinpin rẹ̀. Ìwé ìròyìn àwọn tó ń fi ìràwọ̀ sọ ohun tó ń bọ̀ ni, láti ilẹ̀ Faransé. Òyìnbó kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ní Pobẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kà á. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú wọn, kúkù wọn, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn, kó èyí tó pọ̀ nínú ìwé náà fún àwọn alákàrà àti àwọn onígàrí. Mo wá kúkù yìí lọ, mo rán ṣòkòtò kan fún un, ó kó èyí tó kù fún mi. Èyí tó ti dé ọjà ńkọ́? Àfi kí n máa rà á mọ́ àkàrà. Mo jẹ àkàrà títí inú mi fi ń kùn!

Ẹ má bi mí pé kí ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mi ò kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àlùfáà ní Sakété, kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ń bi ìràwọ̀ léèrè ọ̀rọ̀, ìrun rẹ̀ ò gbà. Mo ní èmi ò bi í ní nǹkan kan, mo kàn ń wò ó ni.

Mo ta aṣọ funfun kan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ gún àwọn àwòrán náà mọ́ ọn. Kìnnìún wà níbẹ̀, àkekèé wà níbẹ̀, ẹja méjì tó kọjú síra wọn wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ènìyàn láti orí dé ìbàdí, tó wá di ẹṣin nísàlẹ̀. Oníbàárà mi kan wò ó títí, ó ní, "Aránṣọ, ta ni yóò wọn ṣòkòtò fún eléyìí?" A rẹ́rìn-ín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Méjìlá ni gbogbo wọn, oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù kí n tó rí ni ìbejì. Ìyá onígàrí kan láti Àgìdì ló fi tẹ́ inú agbọ̀n gàrí rẹ̀. Ó rí i pé ojú mi wà lára bébà náà, ó ní kí n rán bùbá fún òun ná. Mo rán bùbá. Ẹ̀yìn ìwé ni, odindi, kò ya. Ọmọ méjì dúró, wọ́n fi ọwọ́ kọ́ra wọn lọ́rùn, aṣọ búlúù kan náà ló wà lára wọn, ìràwọ̀ sì wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mo gún un mọ́ ògiri. Méjìlá pé! Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa, Ìyá Táyé, ọmọ Ahoyéyé, àgbẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀. Ìbejì ló bí. Táyé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé ti lọ ṣẹ́gi. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ gbé láàárín àwọn Gùn mọ̀ ọ́n: a kì í sọ pé ìbejì kú, à ń sọ pé ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ère fún Kẹ́hìndé, kí ìyá máa wẹ̀ ẹ́, kí ó máa fún un ní ẹ̀wà jẹ, kí ó máa wọ aṣọ fún un nígbàkígbà tí Táyé bá gba aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti di Kátólíìkì. Àkànjí la ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ó ti wá di Piyẹ̀ẹ̀. Bàbá Katikísì, ẹni tó ń kọ́ àwọn onígbàgbọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́, ti sọ fún un pé igi gbígbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀. Àbí ẹ ò rí i? Táyé wá ń rù. Kò jẹun, ibà ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé èkejì ló ń pè é.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé aṣọ kan kalẹ̀, ó ní kí n rán ẹ̀wù méjì níbẹ̀. Mo wọn Táyé. Mo béèrè pé báwo ni ìkejì ṣe gùn tó? Mo gbójú sókè, mo rí i pé ògiri ló ń wò.

Ó ní, "Aránṣọ, àwọn ọmọ mi rèé!"

Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé àwọn awòràwọ̀ ni, pé àwọn òyìnbó ò mọ Táyé, wọn ò mọ Kẹ́hìndé. Ó ní òun gbọ́. Ó ní igi ni katikísì kọ̀, kò kọ bébà. Ṣebí katikísì fúnra rẹ̀ ló ń pín àwòrán àwọn ẹni mímọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, bébà kọ́? Bí bébà bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé yóò máa pín in?

Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun. Mo kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ̀! Ẹyọ kan péré ni mo ní, báwo ni n óò ṣe rí òmíràn? Kò bínú. Ó kí mi, ó lọ.

Ọjà tó tẹ̀ lé e, mo jáde lọ ra òwú. Mo padà dé, mo bá àwo ẹ̀wà lábẹ́ àwòrán náà, epo pupa ń ṣàn lórí rẹ̀. Mo gbé e kúrò. Ọjà kejì, ẹ̀wà tún dé. Eèrà tẹ̀ lé ẹ̀wà. Adìẹ tẹ̀ lé eèrà. Adìẹ náà fò sókè, ó da epo sórí kóòtù funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ fún tíṣà kan! Háà! Inú bí mi dé góńgó. Mo já àwòrán náà kúrò lára ògiri, mo gbé e lọ sílé Ìyá Táyé, mo ní kó gbà á, kó gbà á, kó máa bá a gbélé rẹ̀. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe mí. Nítorí kóòtù ni.

Ó kúnlẹ̀, ó gbà á. Ó wá ní kí n bá òun rán aṣọ tó kù lára ti ẹ̀wù Táyé yí bébà náà ká, nítorí aṣọ Kẹ́hìndé ni. Mo rán an. Mo ṣẹ́ ẹ létí lókè àti nísàlẹ̀, aṣọ náà sì bo gbogbo ohun tí òyìnbó kọ síbẹ̀. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ o, bí aṣọ náà ṣe gùn mọ ni.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ ní Pobẹ̀ kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Katikísì dé sílé wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí, nítorí ọwọ́ mi ló ti jáde. Mo bá Piyẹ̀ẹ̀ lórí ìdúró, ó wolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé Táyé mọ́ àyà. Bí bàbá yìí bá ní kí wọ́n sun àwòrán náà, wọn yóò sun ún, nítorí ọkọ ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìyá Táyé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá fi gíláàsì sójú, ó wo àwòrán náà. Ó wo ìràwọ̀ orí wọn. Ó yíjú sí mi, ó ní ẹni mímọ́ wo ni wọ̀nyí?

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Bàbá, Mùsùlùmí ni mí. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ẹni mímọ́ yín."

Ó kùn hùn-ún. Ó wá bi Ìyá Táyé. Mo ti ń gbà á ládùúrà nínú mi pé kó ṣáà sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ?

Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ orúkọ wọn. Ibi tí n óò máa gbé ẹ̀wà ọmọ mi sí ni mò ń wá."

Piyẹ̀ẹ̀ di ojú. Èmi náà ní ó tán. Obìnrin yìí kò tiẹ̀ dúró, ó gbé àwo ẹ̀wà tó wà lábẹ́ àwòrán náà nílẹ̀, ó nà án sí bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀wà ìbejì rèé o."

Ẹ̀yin ará ilé, ta ló lè kọ ẹ̀wà ìbejì nínú wa? Mùsùlùmí ò kọ̀ ọ́, onígbàgbọ́ ò kọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ la ti dàgbà. Bàbá Katikísì wo àwo náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ó fọ ọwọ́. Ó jẹ ẹ́!

Èmi náà jẹ ẹ́. Piyẹ̀ẹ̀, tí kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti ṣèrìbọmi, na ọwọ́ sínú àwo náà, ó bu òkèlè kan, ó sì bú sẹ́kún. Òun náà ni baba Kẹ́hìndé ṣáá. Kò sí ẹni tó tíì rántí bi í léèrè.

Bàbá nu ẹnu, ó ní kí wọ́n máa gbé àwo náà sórí tábìlì, kí adìẹ má baà dé ibẹ̀. Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Táyé yè. Ó ti ní ọmọ báyìí. Ṣé àwòrán ni, àbí oògùn ibà tí wọ́n fún un ní díspẹ́ńsárì lọ́sẹ̀ yẹn? Mi ò mọ̀, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Mi ò rí àwòrán ìbejì mìíràn rà títí di òní. Mọ́kànlá tó kù wà nínú àpótí mi, mo ṣì máa ń yọ wọ́n wò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn: kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ń dí yín lọ́wọ́ nítorí ohun tó jẹ́ tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Èmi ń wá kí méjìlá pé. Obìnrin yẹn ń wá kí méjì pé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ ti kó jọ rí, tí ẹlòmíràn wá nílò rẹ̀ jù yín lọ? Ṣé ẹ fún un, àbí ẹ kọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ọmọ yìí yóò kà á sí mi létí.