Oríkì fún Bàbá Austell

Orúkọ mi ni Felicia Àbẹ̀gbé Ọmọ́lẹwà, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ọmọ olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Èmi náà fẹ̀yìn tì nípò olórí ilé-ẹ̀kọ́. Mo rántí ìgbà tí mo dé Atlanta, tí mo ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan ní Austell, ìlú kékeré kan lẹ́bàá rẹ̀, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin ti ń mi fèrèsé. Lójú mi nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀hún kéré sí mi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń sọ, ìtàn baba ńlá wọn: ọkùnrin tó fi àáké la ọ̀nà nínú igbó, tó jagun, tí wọ́n sì dìbò yàn sílé aṣòfin, tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó wọn kú, Bàbá pa ìtàn náà tì, wọn kò sì jẹun mọ́. Ọmọbìnrin wọn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mama, bí Daddy ò bá jẹun títí di Friday, ilé àwọn arúgbó ni mò ń gbé wọn lọ."

Bàbá gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Inú ilé yìí ni mo fẹ́ kú sí."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nílé wa, oríkì ni a fi ń jí àgbà tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì. Òyìnbó kò ní oríkì tí mo mọ̀, nítorí náà mo fi ìtàn wọn hun ọ̀kan:

"Ọmọ afàáké-lànà-igbó,
ọmọ ajagun-má-wẹ̀yìn,
ọmọ afi-bàtà-ẹrẹ̀-wọlé-aṣòfin."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n lajú.

"O fo apá kan. Baba ńlá mi lé àwọn onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárọ̀."

"Bó o bá máa sọ nípa rẹ̀, sọ gbogbo rẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ìyá àgbà tèmi kì í fo ìjà àti àléébù ìdílé wa bí àlejò tilẹ̀ jókòó. Mo fi kún un: "Ọmọ agbalẹ̀-onílẹ̀-kọ́lé."

Bàbá wá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ọkùnrin náà gan-an nìyẹn. Kí ló wà nínú ìkòkò?"

Oatmeal ni, ògì àwọn òyìnbó. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ọmọ wọn dé ní Friday, ó bá Bàbá lórí àga, tí wọ́n ń bá mi jà pé iyọ̀ oatmeal kò tó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, kò sì dárúkọ ilé àwọn arúgbó mọ́.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń kì wọ́n, pẹ̀lú apá tí kò dùn-ún gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá títí dòní. Mo ti rò pé èdè mi kò níṣẹ́ ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fún un níṣẹ́, wọn kò sì gbà kí n fi purọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde ni Bàbá mí èémí ìkẹyìn lójú mi, lórí ibùsùn ara wọn, nínú ilé ara wọn.