Dókítà Àǹtí Òkè

Kí n má purọ́, owú ni mo jẹ. Àwọn mìíràn á ní inú ló bí àwọn, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà kàn ká àwọn lára. Tèmi, owú ni, owú gidi, mo sì jẹ ẹ́ fún odidi ọdún kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a háyà ní Ìgbògbò.

Ìsàlẹ̀ ni mò ń gbé. Obìnrin ará Ọ̀ṣun kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé lókè, gbogbo wa sì ń pè é ní Àǹtí Òkè. Aránṣọ ni mí, Itamaga ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìdájí ni mo sì máa ń jáde. Àǹtí Òkè kì í jáde ní tiẹ̀. Ó ń din ṣinṣín nílé, àwọn oníbàárà ló ń wá bá a.

Lásìkò tí gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká ni dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn kékeré lápá Benson gbé ètò tuntun dé. Ìdílé tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ á máa san iye kan lóṣooṣù, òun náà á sì máa wá yẹ̀ wọ́n wò nílé wọn, ara wọn ì báà dá, ì báà má dá. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láago. Àǹtí Òkè ló kọ́kọ́ gba káàdì rẹ̀ ládùúgbò wa.

Ẹ̀yin ẹ wá wò mí ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù! Dókítà á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á gbé báàgì dúdú rẹ̀, á kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ mà," á sì gba iwájú ilẹ̀kùn mi kọjá lọ sókè. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa gbá ibi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Odindi dókítà! Èmi tí mo bá fẹ́ rí dókítà, màá ti tò sórí ìlà ní ọsibítù ìjọba kí oòrùn tó yọ, nọ́ọ̀sì á sì máa jágbe mọ́ mi bíi pé mo jí nǹkan ẹ̀. Àǹtí Òkè rèé, orí àga tirẹ̀ ló jókòó sí, ó kàn na apá ni, dókítà ló ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀. Ara mi ò gbà á rárá.

Ẹnu mi náà ò sì gbé jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan tí dókítà ń sọ̀ kalẹ̀, mo sọ ọ́ ketekete pé, "Àwọn kan á máa fowó pe àìsàn wálé. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀ o!" Dókítà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Òkè dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Inú mi dùn ṣìnkìn lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, mo lọ mú màmá mi wá láti Ẹ̀pẹ́. Ẹja yíyan ni wọ́n fi tọ́ wa níbẹ̀, wọ́n ti dúró ti iná títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, orí sì ń fọ́ wọn ṣáá. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló mú ìyá wọn lọ, nítorí náà kò sí àdúrà mìíràn tí mò ń gbà ju pé kó má mú tèmi náà lọ. Mo ra oògùn fún wọn, mo tò ó sínú dúrọ́ọ̀, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Láàárín oṣù mélòó kan, ara wọn yá. Ẹsẹ̀ wọn ò wú mọ́, orí ò fọ́ wọn mọ́. Èmi nìyí ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń yangàn fún àwọn oníbàárà pé ìtọ́jú mi ni, pé iyọ̀ tí mo dín kù nínú ọbẹ̀ ló ṣiṣẹ́.

Ó wá di Sátidé kan, jẹnẹrétọ̀ mi bàjẹ́, mo tètè padà wálé. Màmá ò sí ní yàrá. Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́ lókè. Mo gun àtẹ̀gùn, mo ká kọ́tìnnì. Màmá mi ló jókòó sórí àga Àǹtí Òkè yẹn, wọ́n ró ìró wọn tó dára jù, dókítà ń fún afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà tó wé mọ́ wọn lápá. Àǹtí Òkè di ọwọ́ wọn kejì mú. Rọ́bà yẹn ò dùn mí tó ọwọ́ kejì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" ni mo bi màmá mi.

Dókítà ló dáhùn. Ó ní òun rò pé mo mọ̀ ni. Ó ní nígbà tí wọ́n ń tún káàdì ṣe, òun ní kí Àǹtí Òkè kọ orúkọ gbogbo ará ilé rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ tó ń gbé lókè lòun ní lọ́kàn, àfi bó ṣe kọ orúkọ màmá ìsàlẹ̀ mọ́ wọn.

"Ṣé wọn kì í ṣe ará ilé ni?" ni Àǹtí Òkè wí. "Ṣebí ilé kan náà la jọ ń gbé?"

Dókítà ní òun rẹ́rìn-ín títí, òun sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Èmi wá ń kọ́? Ará ìta lèmi?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́?" ni Àǹtí Òkè fi dá mi lóhùn.

Ha! Mo yíjú sí màmá mi, mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Ẹnu ẹ ni mo bẹ̀rù."

Mo ní kí wọ́n dìde. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sí wọn bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, mo ní bí wọ́n bá tún gun òkè yẹn, Ẹ̀pẹ́ ni màá dá wọn padà sí. Wọ́n ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́." Èmi àti Àǹtí Òkè bá ara wa yan odì. Nígbà tí Sátidé dókítà tún pé, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù rárá. Mo gbé àga sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo jókòó pa síbẹ̀. Dókítà kí mi, ó wo ilẹ̀kùn wa, ó kọjá lọ.

Mi ò mọ̀ pé oògùn tí dókítà ń fún màmá mi ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ yìí wá, àti pé ó ti tán. Èyí tí mo rà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ bí mo ṣe tò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn náà, màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní ilé ń yí, wọ́n sì jókòó padà lójijì. Ẹnu wọn wúwo, n ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Mo sáré gun òkè, mo gbá ilẹ̀kùn, mo gbá a títí. Wọn ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo tú báàgì màmá mi dà sílẹ̀, mo rí káàdì tiwọn tí dókítà fún wọn láàárín ìwé àdúrà wọn.

Nọ́ńbà dókítà wà lókè. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ojú mi bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀" sí. Orúkọ Àǹtí Òkè ló wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀. Wọ́n tún béèrè ohun tí ẹni náà jẹ́ sí aláìsàn. Ọwọ́ màmá mi fúnra wọn ló kọ ìyẹn, gàdàgbà gadagba, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà: Ọmọ.

Dókítà gbé fóònù. Mo dárúkọ màmá mi, mo ṣàlàyé.

"Ọmọ wọn dà?" ló bi mí. "Ẹ fún ọmọ wọn ní fóònù."

Màmá mi ń wò mí láti ibi tí wọ́n wà.

"Ọmọ wọn ò sí nílé," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bọ̀."

Kò pẹ́ tó fi dé. Ó fún wọn lábẹ́rẹ́, ó jókòó tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ wọn fi já gaara. Ó ní díẹ̀ ló kù kó di rọpárọsẹ̀. Àǹtí Òkè náà dé, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni dókítà, tó ti rò pé alájọgbé wọn lásán ni mí, wá mọ̀ pé èmi ni ọmọ tí wọ́n bí. Ó yọ bírò, ó ní òun fẹ́ tún káàdì kọ, ó bi màmá mi nọ́ńbà ta ni kí òun kọ́kọ́ máa pè.

Mò ń retí nọ́ńbà tèmi. Màmá wo Àǹtí Òkè, wọ́n sì wò mí.

"Ẹni tó bá wà nílé ni kẹ́ ẹ pè," ni wọ́n wí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù Itamaga. Kó tó di ọ̀sán, mo ti gbé máṣíìnì mi kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.