Wọ́n Mú Mi, Wọ́n Tú Mi Sílẹ̀

Fóònù ilé wa ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, ní àgádágodo. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ti àpótí aṣọ. Mummy fi há ihò àkọ́kọ́ lára ibi tí a ti ń yí nọ́ńbà, torí pé èmi àti Auntie, ẹ̀gbọ́n wọn tó wá bá wa gbé láti Abẹ́òkúta, ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ pè wá lè pè wá, àwa la ò lè pe ẹnikẹ́ni. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo rìn yí fóònù yẹn ká títí kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pá.

Ọmọ ogún ọdún ni mí. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹnì kan á sáré wá ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnì kejì á fi pákó gbá a kó má bàa wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á dúró mu tíì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń sáré wá jù ú. Mo ga, apá mi gùn, inú sì tètè máa ń bí mi. Ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Ilé-ìwé kan ní Plumstead ni wọ́n ti kọ́ mi, pápá ẹgbẹ́ kékeré kan lórí Shooters Hill ni mo dàgbà sí. Ibẹ̀ ni kóòṣì ẹgbẹ́ káúńtì, ẹgbẹ́ ńlá agbègbè wa tó ń sanwó fún eléré, ti wá wò mí ní Sátidé kan, tó ní kí n wá fún trial, kí wọ́n fi oṣù díẹ̀ wò mí bóyá mo tó.

Mummy yí trial sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún un.

"Ìdánwò ò ní borí ẹ lórúkọ Jésù," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Mummy, it's not that kind of trial."

"Gbogbo ẹ̀ náà ni. Ṣe àmín."

Mo ṣe àmín. Àdéhùn wa ni pé títí September ni. Bí káúńtì bá fún mi ní ìwé pé àwọn gbà mí kí poly tó wọlé, mo di ẹni tó ń fi eré ṣiṣẹ́ jẹun. Bí wọn ò bá fún mi, mo padà sídìí engineering tí mo pa tì ní ìdajì, mi ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ kíríkẹ́ẹ̀tì nínú ilé yẹn mọ́. Èyí-wù-mí-ò-wù-ọ́ lọmọ ìyá méjì fi ń jẹ ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti èmi àti ìyá mi ju ti ọbẹ̀ lọ.

Káúńtì ní ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni èèyàn ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ kejì ni ibi tí àwọn ọmọdé tó ń gòkè àti àwọn àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ń pàdé. Àwọn tó ti tọwọ́ bọ̀wé ló máa ń kọ́kọ́ wọ inú ẹgbẹ́ kejì yìí, lẹ́yìn náà, bí àyè bá ṣẹ́kù, wọ́n á mú nínú àwa tí wọ́n ṣì ń wò. Àyè kì í sì í ṣẹ́kù àfi bí ẹnì kan bá fara pa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí iṣan itan ọmọ ọlọ́mọ fà. Mi ò gbàdúrà fún un o, mo kàn ń fẹ́ ẹ ni. Ní Ọjọ́bọ̀, kóòṣì á pe àwọn tó bá mú kí aago méjìlá tó lù. Ẹni tí kò bá mú, kì í pè é. Kò sí ìròyìn burúkú kankan, aago á kàn kọjá ni.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni aago kọjá lórí mi. Ní ti ẹ̀kẹrin, ara mi ò gbà mí láti jókòó mọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo fọ bàtà tí mo ti fọ̀ lánàá. Auntie gbé ojú sókè nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà.

"Jáde lọ síta jọ̀ọ́. O ti ń kó òòyì bá mi."

Mo wọ tíráákì, mo sáré lọ yí adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé wa po. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo yí i po. Bí mo ṣe ń sáré ni fóònù dún. Auntie gbé e. Tíṣà ni wọ́n jẹ́ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó ṣe gẹ̀ẹ́sì wọn. Kóòṣì ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ti mú mi fún eré ọjọ́ Mọ́ńdè. Inú Auntie dùn, wọn ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún. Kò pẹ́ ni fóònù tún dún. Mummy ló ń pè láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí Shooters Hill, wọ́n fẹ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti yọ ẹran sílẹ̀ kó yọ́.

"Wọ́n ti mú u o!" ni Auntie ké mọ́ wọn létí. "Àwọn òyìnbó ti mú ọmọ ẹ!"

Mummy ju fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n mú ọmọ sínú ẹgbẹ́, wọ́n mú ọmọ sí àtìmọ́lé. Ní Abẹ́òkúta, ti àkọ́kọ́ lè kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ní Thamesmead nígbà yẹn, ti kejì ni. Ìgbà yẹn kì í ṣe ìgbà tí ọmọ dúdú máa ń dá rìn lágbègbè wa kí ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọlọ́pàá, àwọn géndé òyìnbó tó kórìíra dúdú, tó ń dúró lórí afárá, ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ogún ọdún ni mí, mo gbà pé ẹsẹ̀ mi yá ju tiwọn lọ.

Nígbà tí mo délé tí Auntie sọ ohun tí wọ́n sọ àti bí Mummy ṣe ju fóònù, ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo tún sáré jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Woolwich níbi tí àgọ́ ọlọ́pàá wà, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo sáré èyí tó kù. Mo bá Mummy lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá, nínú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ wọn, wọ́n gbé báàgì lé itan. Ọlọ́pàá ìdí káńtà ti yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mummy ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ títí orúkọ náà á fi jáde.

Wọ́n dìde. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú, lórí, lápá méjèèjì, bí ẹni ń yẹ ọmọ tuntun wò. Lẹ́yìn náà wọ́n gbá mi lẹ́yìn, pàà!

"Kí ló dé tí o ń sáré? Ta ló ń lé ẹ?"

"Mummy, wọ́n pick mi ni. Fún Monday."

Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Mummy ò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo fi ìtàn náà ṣeré nínú yàrá ìmúra, àwọn òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń tì mí lójú dòní, pé mo ta ẹ̀rù ìyá mi fún ẹ̀rín àwọn ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi.

Eré yẹn dáa fún mi. Èèyàn mẹ́rin ni mo lé kúrò nídìí igi. Kóòṣì fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní kí n máa tẹra mọ́ ọn. Wọ́n tún mú mi fún eré méjì sí i. Ṣùgbọ́n ní August, káúńtì gba ẹnì kan láti Australia, òun náà ń sáré ju bọ́ọ̀lù, ó sì gbóná jù mí lọ. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ló lọ tààrà. Ẹni tí ará Australia náà gba ipò rẹ̀ níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹgbẹ́ kejì, ó wá jókòó sórí àga mi. Òyìnbó jẹ́jẹ́ ni, ó kí mi dáadáa. Mo kórìíra rẹ̀ gan-an.

Láti ọjọ́ yẹn, omi mímu ni mò ń gbé fún àwọn tó ń ṣeré. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì débi pé Auntie á fi ṣíbí gbá orúnkún mi. Oṣù yẹn náà ni Mummy bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láìmu omi títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú iṣẹ́ gbígbé arúgbó sókè-sódò. Mo máa ń rí wọn lórí eékún tí abẹ́là ń jó níwájú wọn, mo ń gbọ́ orúkọ mi. Ẹni tí kò fẹ́ràn eré yìí ló ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí fún gbogbo ìgbà tí mo ti bá wọn jiyàn.

Kóòṣì ní òun á pè ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìwọlé poly. Lọ́tẹ̀ yìí, á pè bó ṣe wù kó rí. Mo dúró ti fóònù títí di aago mọ́kànlá, ara mi ò gbé e mọ́, mo jáde lọ sí etí odò Thames, mo ń ju òkúta sómi. Nígbà tí mo padà, Mummy dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà lórí fóònù.

"Wọ́n pè," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní wọ́n ti release ẹ."

Lẹ́yìn náà Mummy kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tó pá yẹn. "Ìtúsílẹ̀! Ọlọ́run ti tú ọmọ mi sílẹ̀!" Auntie jáde láti kíṣìnì, wọn ò béèrè kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ ijó.

Mo dúró bí òpó. Lẹ́nu ìjọ wa, kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn ju ìtúsílẹ̀ lọ. Kúrò nínú ìdè, kúrò nínú ìgbèkùn, kúrò lọ́wọ́ ayé. Lẹ́nu káúńtì, release ni pé a ò fẹ́ ẹ mọ́, máa lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin tó fi ebi pa ara rẹ̀ fún odidi oṣù kan? Mo wọ yàrá lọ, mo ti ìlẹ̀kùn, mo fi pílò bo ojú, mo sunkún.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n mú mi dé iwájú fún ìdúpẹ́. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan nítòsí Plumstead High Street ni ìjọ wa ń lò. Mo wọ sùtánà, mo di abẹ́là mú, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ nítorí pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Wòlíì ní òun rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Inú ń bí mi gan-an.

Auntie dúró fún ìpàdé àwọn ìyá. Èmi àti Mummy la sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí a gun afárá oníkọnkéré tó lọ sí búlọ́ọ̀kù wa. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Mummy, ẹ má bínú. Release tí wọ́n sọ yẹn, kì í ṣe ìtúsílẹ̀ o. They don't want me. Wọ́n lé mi ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Wọ́n release èèyàn mẹ́ta ní work wa last year. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ English ni? Mo ní kí ọkùnrin yẹn tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní òun sorry. Mo ní, don't be sorry."

"Ààwẹ̀ tí ẹ gbà ńkọ́?"

"Èmi ni mo gba ààwẹ̀ mi. Ta ló sọ fún ẹ pé kí wọ́n gbà ẹ́ ni mò ń tọrọ? Tí o bá ti gbé bag yẹn jáde, mi kì í lè mí. Gbogbo summer yìí. Mo ní kí Ọlọ́run dá ẹ padà sílé kí wọ́n tó mú ẹ fún mi nítòótọ́."

Ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ sí ìyá rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo yára lọ níwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn mi, sùtánà ń lù mí lẹ́sẹ̀. Ó wù mí kí ó dùn wọ́n. Mo ti lọ jìnnà kí n tó rí àwọn géndé mẹ́ta tó fara ti irin afárá níwájú. Ọ̀kan nínú wọn dìde dúró dáadáa.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Ìyá mi ń sáré bọ̀. Mi ò rí wọn sáré rí láyé mi. Wọ́n ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, fìlà funfun ti ṣí kúrò lórí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì kọjá mi, wọ́n lọ dúró láàárín èmi àti àwọn yẹn, wọ́n gbé bàtà sókè.

Àwọn géndé náà wò wá, ìyá àti ọmọ nínú aṣọ funfun. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ dáadáa, àwọn méjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba ibòmíràn lọ.

Mo ga ju Mummy lọ ní orí kan àtààbọ̀. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n mú mi ní apá tí mo fi ń ju bọ́ọ̀lù, wọn ò sì tú mi sílẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.