Hàwáwù àti Ìwé Fídáù Ìyá Àgbà

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ ìwé kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Wọn kò tíì bá Hàwáwù pàdé ni. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, nínú agbo ilé tí ìjà kì í tán níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n fọ́ ìgò mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí lójú rẹ̀, nítorí àyè tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi sí. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 1993, ọta ìbọn tí a kò mọ ẹni tó yìn ín bá ọkọ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ọkùnrin náà sì kú kí wọ́n tó gbé e dé Apọ́ngbọ̀n. Láti ìgbà náà ni Hàwáwù kò ti gba ìgbàkugbà mọ́. Ọmọ ìta kan fà á láṣọ lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá a lẹ́nu, eyín méjì sì bá itọ́ jáde.

Iṣẹ́ taipù ló kọ́ ní ojú ọ̀nà Igbosere, níbi tí lọ́yà ti pọ̀ ju ẹlẹ́jọ́ lọ. Ní ọdún 1998, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó mọ kọ̀ǹpútà, Dáfídì lorúkọ rẹ̀, gba yàrá kan sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, ó sì pe Hàwáwù wá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà ṣàjèjì. Wọ́n ń ya àwòrán àwọn ìwé Èkó àtijọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè rí i kà. Hàwáwù ló ń taipu orúkọ ìwé, orúkọ àwọn ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, àti ìsọ̀rí tí ìwé náà bọ́ sí.

Ìsọ̀rí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, bí lọ́yà bá wá orúkọ ìdílé kan, ìwé orin, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé àdúrà ni yóò máa ya lù ú, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ a dákú. Àwọn lọ́yà bínú, wọ́n ní owó tẹlifóònù ń run lásán. Ni Dáfídì bá tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan yóò kọ́kọ́ mú ìsọ̀rí kan, yálà Ilẹ̀ àti Ẹjọ́, Ìtàn Ìlú, Ẹ̀sìn tàbí Ìsìnkú, inú ìsọ̀rí yẹn nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò sì wò. Ó yọ wíwá gbogbo ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kúrò pátápátá.

"Ìwé kan, ìsọ̀rí kan, Àǹtí," ni Dáfídì máa ń sọ. "Ẹ wo èèpo iwájú, ẹ mú ìsọ̀rí, ẹ kọjá síbi tó kàn."

Nínú ààwẹ̀ ọdún náà, wọ́n gbé àpótí kan wá láti ilé àlùfáà kan. Ìwé pẹlẹbẹ mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó máa ń tẹ̀ fún fídáù òkú wọn. Ó kan ti Ìyá Àgbà Àdíját, tó kú ní 1956, ìyálé nínú àwọn ìyàwó bàbá àgbà Hàwáwù gan-an. Hàwáwù rẹ́rìn-ín sí àwòrán rẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn kò jọ àdúrà. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré, ìtẹ̀ka sì pọ̀ nísàlẹ̀. Hàwáwù rí i, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á, ọjọ́ ti rọ̀, ó sì fẹ́ tètè ra ọsàn tí yóò fi ṣínu. Ó taipu "Ìsìnkú", ó kọjá síbi tó kàn.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1999, Alhaji Ubaydullah, tó wá láti ìdí-igi ìyàwó kejì, ní òun fẹ́ ta agbo ilé náà fún ẹni tí yóò kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Bashiru, ẹ̀gbọ́n Hàwáwù, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ní kò ṣeé ṣe. Bashiru a máa fi ọwọ́ ṣe ọnà sára agbádá ní Apọ́ngbọ̀n. Àwọn olówó a máa dúró dè é fún oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kì í sì kán an lójú. Ó ní àwọn ọmọ Bàbá Àgbà ti tẹ̀ka sí àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ilé náà.

"Ìwé àdéhùn ọ̀hún dà?" ni Ubaydullah bi í.

Àwọn àgbà ọkùnrin méje jókòó. Wọ́n ní kí Lọ́yà Adéníkẹ́, tí kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni, bá wọn wá ìwé náà. Bó bá rí i, wọn kò ní ta ilé náà mọ́ nìyẹn. Bí kò bá rí i títí di Ọjọ́bọ̀, kí Ubaydullah ṣe bó ti fẹ́. Bashiru àti Ubaydullah gbá Àlùkùráánì mú, wọ́n búra. Àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tí wọ́n dàgbà ju gbogbo ìgbìmọ̀ yẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkankan. Ọkùnrin a máa gbọ́n báyẹn nígbà mìíràn.

Lọ́yà Adéníkẹ́ wá sí yàrá Dáfídì. Hàwáwù fúnra rẹ̀ ló bá a mú Ilẹ̀ àti Ẹjọ́, ó taipu orúkọ bàbá àgbà wọn. Kò sí nǹkankan. Wọ́n mú Ìtàn Ìlú, kò sí níbẹ̀ náà. Lọ́yà pa fáìlì rẹ̀ dé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àkàrà ṣì wà nínú epo nígbà tí àwọn ọmọ ìta méjìlá wọlé. Àdá lọ́wọ́, ọ̀pá irin lọ́wọ́. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n wọ́ obìnrin kan jáde tòun ti oorun lójú, wọ́n sì ń fi irin wó ògiri lu ibùsùn rẹ̀. Ẹnìkan ta agbada epo gbígbóná nípàá, ó dà sí ẹsẹ̀ alákàrà, obìnrin náà sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ìdúmọ̀tà ìbá fi gbọ́.

Bashiru dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá wọn, àlùmọ́gàjí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ó kọ́kọ́ pa mí ná," ló wí.

Wọ́n sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gún ẹni àkọ́kọ́ léjìká. Ẹnì kejì gbá a ní irin lórúnkún, ó kúnlẹ̀. Hàwáwù sáré débẹ̀, ó gbé ìgò kẹrosíìnì, ó là á mọ́ ọkùnrin kan lójú, ẹ̀jẹ̀ bò ó, ọkùnrin náà ń fọwọ́ tá kiri bí afọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti gbé àdá sókè. Bashiru na ọwọ́ ọ̀tún láti fi dáàbò bo orí rẹ̀. Àdá náà kò bá orí. Ọwọ́ ni ó gé, láti ọrùn ọwọ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ tòun ti àlùmọ́gàjí.

Bashiru kò ké. Ó kàn ń wò ó nílẹ̀. Nusrat ìyàwó rẹ̀ ló ké, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi so apá ọkọ rẹ̀ le dan-in dan-in.

Nígbà náà ni Ìyá Àlímọ̀t, ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, jáde síta, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ aláìgbọ́n! Ojú mi ni wọ́n ṣe tẹ̀ka! Ọjọ́ ogójì ìyálé wa ni, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé fídáù rẹ̀!"

Hàwáwù rántí. Lẹ́tà kéékèèké yẹn, ìtẹ̀ka yẹn. Ó sáré láìwọ bàtà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára, títí tó fi dé Igbosere. Ó ti Dáfídì kúrò lórí àga. Ó mú Ìsìnkú, ó taipu Àdíját. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìwé náà fi jáde: orúkọ Bàbá Àgbà, àdéhùn, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ka.

Dáfídì kà á, ó wo ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti wà níbí láti ọjọ́ yìí."

Hàwáwù tẹ ìwé náà jáde. Ó já ìwé lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ gbé Lọ́yà Adéníkẹ́ àti ọlọ́pàá méjì. Yàrá mẹ́rin ti wó kí wọ́n tó dé. Lọ́yà dúró láàárín bíríkì, ó kà á sókè ketekete. Ìtẹ̀ka kẹta jẹ́ ti bàbá tó bí Ubaydullah. Àwọn àgbà ìdí-igi tirẹ̀ gan-an ló kọjú sí i.

"O búra," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kó àwọn ajá rẹ kúrò níbí."

Ó kó wọn lọ. Agbo ilé wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ọsibítù, gbogbo ẹbí ló ń yin Hàwáwù. Àwọn tí wọn kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń pè é ní akọni. Ó ń gbọ́, ó ń wolẹ̀, ìtìjú ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní ọjọ́ kẹrin, Nusrat gbé ògì wá, Hàwáwù sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun ni yóò fún ẹ̀gbọ́n òun. Bashiru mu ṣíbí méjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ lo gba ilé wa là," ló wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, lásán ni ọwọ́ mi ìbá lọ."

Ta ló gbọ́ irú èyí tí yóò lè gbé ìtìjú rẹ̀ mì?

"Bọ̀dá mi," ló wí, "láti inú ààwẹ̀ ni ìwé náà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo rí ìtẹ̀ka yẹn. Ebi ń pa mí, mi ò kà á. Mo fi í sí àárín ìwé òkú, lọ́yà ò sì rí i. Ká ní mo kà á ni, wọn kì bá tí wá."

Bashiru wo ojú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ibi tí wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Hàwáwù bu ògì, ó gbé ṣíbí sí i lẹ́nu.

Bashiru pa ẹnu dé.

"Nusrat," ló pè, "gba abọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wá fún mi lóúnjẹ."