Ọmọ Onígi Tó Jábọ́ Lọ́wọ́ Mwavita

Ní abúlé Maneromango wa níbí, kò sí ọmọbìnrin tí kò gba ọwọ́ Mwavita kọjá. Òun ló ń kọ́ ọmọge tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù nínú yàrá tí wọ́n ń sé e mọ́, òun náà ló ń gbé mwana hiti lé e lọ́wọ́, ọmọ onígi, ọmọlangidi tí kò lápá tí kò lẹ́sẹ̀. Ọmọge á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi òróró làrá pa á lára, á sì máa gbé e sùn. Mwavita á wá kì í nílọ̀: "Ẹni tó bá jẹ́ kó jábọ́, ilé ọmọ rẹ̀ ló jábọ́ yẹn."

Ó lé lógún ọdún tó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kì í yẹ̀.

Ohun tí kò sọ ni pé nígbà tirẹ̀, lọ́jọ́ kẹta péré, oorun gbé e lọ, igi náà sì forí sọlẹ̀ gbì. Ó nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó panu mọ́. Lẹ́yìn náà ló bí ọmọ méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Chausiku, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wá bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà nílé ọkọ, kò tíì bí.

"Ìyá, lọ́la ni mo máa sọ fún ọkọ mi pé kó fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ̀bi mi ni. Mo jẹ́ kí ọmọ onígi yẹn jábọ́."

Bí Mwavita bá sọ̀rọ̀, iyì olùkọ́ lọ. Bó bá dákẹ́, ilé Chausiku tú. Ó kọ́kọ́ bó ẹ̀gẹ́ méjì sí i ná, bóyá ẹ̀gẹ́ á bá a dáhùn.

"Tèmi náà jábọ́."

"Tiyín kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ bí eku ẹdá?"

"Orí ló fi sọlẹ̀."

Chausiku fò dìde. "Ọdún mẹ́fà, Ìyá! Ẹkún ni mò ń sun lóṣooṣù, ẹ sì ń wò mí!"

"Mò ń wò ọ́. Ojú ń tì mí."

"Kó máa tì yín lọ!"

Chausiku kò sọ fún ọkọ rẹ̀ mọ́ pé kó fẹ́ ẹlòmíì. Òun àti ọkọ ló jọ lọ rí dókítà, dókítà sì ní kí ọkọ náà wá jókòó, òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Láti ìgbà yẹn ni Mwavita ti ń rìn láti ilé dé ilé, lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó kọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ èmi náà.

"Tèmi jábọ́," ló wí.

"A ti gbọ́, Ìyá. Chausiku ti pariwo rẹ̀ dé ọjà."

"Mo mọ̀. Ẹnu tí mo fi dẹ́rù bà yín ló yẹ kó sọ ọ́."

Mo bi í bóyá Chausiku ti ń kí i.

"Igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà mi ló ń kí," ló dáhùn. "Èmi ni mò ń bá igi dá a lóhùn."