Dúróònù Lókè Igbó Orò

Kí n má parọ́, ojo ni mí. Àwọn tó bá rí mi níbi tí mo ti ń gbé dúróònù sókè máa ń rò pé akíkanjú obìnrin ni mí, torí pé mo wọ bàtà òjò, mo ta híjáàbù mi sẹ́yìn, mo sì ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹnu lásán ni.

Iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ni mò ń ṣe n'Ìwó. Dúróònù mi kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin, kámẹ́rà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo máa ń wà á. Màá fi ìka fa ìlà yí oko ká lójú fóònù, màá sọ bí yóò ṣe ga tó, òun fúnra rẹ̀ á wá máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tó ń kọ ebè, á sì máa ya fọ́tò ilẹ̀. Tí mo bá délé, kọ̀ǹpútà á rán àwọn fọ́tò náà pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bàbá, ló pè mí fún iṣẹ́ yìí. Ìtòsí Kuta ni Bàbá ń gbé. Àwọn ni àgbà ẹbí, àwọn náà ni igbó orò tó wà ní ìparí ilẹ̀ wa wà ní ìkáwọ́ wọn. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti ń gé ilẹ̀ náà bọ̀ láti ojú títì, Bàbá sì fẹ́ àwòrán tí ẹbí lè gbé lọ sí ààfin kó tó di pé wọ́n dé ibẹ̀. Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bí igbó yẹn bá lọ lójú ayé mi, kí ni màá sọ fún àwọn tó fi lé mi lọ́wọ́?" Mi ò gbọ́ ohùn wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, kí ló kàn mí kan orò? Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ. Àmọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n mú mi lọ kí ìyá ìyá mi, ọjọ́ orò sì bá wa níbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan, màmá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo etí mi, mo sì tọ̀ sára. Bí obìnrin bá fojú kan orò, orò á gbé e. Gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé kéwú kò yọ ìyẹn kúrò lára mi.

Ọmọ Bàbá ló fi ọ̀kadà gbé wa dé oko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni òun náà, mo kàn fi ọdún méjì jù ú lọ ni. Láti ìgbà tí orúnkún kò ti jẹ́ kí Bàbá lè rìn dáadáa mọ́, òun nìkan ló ń wọ inú igbó náà dípò wọn. Bí mo ṣe ń tú ẹrù mi, kò yéé kìlọ̀ fún mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí nǹkan yín má dé ọ̀dọ̀ igbó o. Ẹ̀yin lẹ máa fara gbá a o."

Mo kanra mọ́ ọn. "Ṣé o rò pé ayé ti sú mi ni?"

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ní òun ń lọ ra epo, pé òun máa dúró dè wá lẹ́bàá títì.

Mo tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, mo gbé dúróònù lé e. Mo kọ́kọ́ gbé e yípo kí kọ́ńpáàsì rẹ̀ lè mọ ibi tó kọjú sí, Bàbá sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ijó wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà. Igbó náà wà nísàlẹ̀ oko, lápá ìlà oòrùn, pèrègún ni wọ́n gbìn yí i ká. Èmi ọlọ́gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ pèrègún gan-an ni mo gbà. Ibi tí igbó wà, òfìfo ni màá fi sílẹ̀ lórí àwòrán, ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé dúróònù kì í yí padà lójú ẹsẹ̀. Tó bá dé òpin ìlà, á kọjá díẹ̀ kó tó yí. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un! Àmọ́ orò ló gba gbogbo ọkàn mi lọ́jọ́ náà.

Ní ìlà keje, mo rí pèrègún lójú fóònù, dúróònù kò sì dúró. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á yí padà fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ronú. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró, ó sì dúró lóòótọ́. Ó dúró sójú kan lókè igbó orò, kámẹ́rà rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Mo di ojú mi pinpin.

Mò ń ka Fátíhà, mo sì tún ń bẹ orò pé kó má bínú sí mi, ẹ ò rí i pé mi ò níláárí. Rìmóòtù tí mo so fóònù mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé bátìrì dúróònù ń lọ sílẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ibi tó wà ló máa rọra balẹ̀ sí, àárín igbó, nǹkan obìnrin!

"Bàbá! Ẹ gbà á! Ẹ̀yin lẹ lè wò ó!"

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. "Kí ni kí n tẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí fún mi, kí n lè mọ apá ibi tó wà."

Èémí wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n.

"Bàbá?"

"La ojú rẹ."

"Bàbá, mi ò gbọdọ̀..."

"Mo ní kí o la ojú rẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí obìnrin kò lè wò."

Mo la ojú. Igi ṣì yí etí igbó náà ká, bí irun tó ṣẹ́kù létí orí apárí. Nínú rẹ̀, ilẹ̀ pupa ni. Wọ́n ti gé gbogbo igi àárín, kùkùté wọn ló kù. Wọ́n ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní ìlà ní ìlà, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti pín tà. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà sì gba ẹ̀yìn jáde, níbi tí kò sí oko ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, ta ló ń wọ ibẹ̀?" Ìbéèrè òmùgọ̀ ni, mo mọ̀ kó tó jáde lẹ́nu mi. Apá ojú títì ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀rù tó ń ba àwa obìnrin, òun lọmọ Bàbá fi ṣe ọgbà. Ta ni ì bá yọjú wò ó? Ẹ̀rù orò kúrò lára mi, òmíràn sì wọlé, èyí tó burú jù ú lọ, torí pé ẹni tó ṣe èyí ló máa gbé wa délé.

Mo dá dúróònù padà, mo pààrọ̀ bátìrì. "Parí iṣẹ́ rẹ," Bàbá ní. "Ya ibẹ̀ náà." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mò ń fa ìlà tuntun. Kí a tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní, "Tó bá bi ọ́, o ò rí nǹkan kan."

Nígbà tí a rọra rìn dé ẹ̀bá títì, ọmọ wọn bi mí lóòótọ́. "Àǹtí, ṣé kò dé ibẹ̀?"

"Kò dé ibẹ̀." Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń dun wọ́n kọjá orí ọ̀kadà, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá wà láàárín, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò mi. Kí wọ́n má baà ṣubú, wọ́n ní láti di ọmọ wọn mú níbàdí. Wọ́n dì í mú. Ọ̀nà kò dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ló ń mi wọ́n bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n látẹ̀yìn.

"Bàbá, ara yín ń gbọ̀n," ọmọ wọn ní. "Ṣé kí n máa rọra lọ?"

Ó sì dín eré kù fún wọn.